Ẹ Bi Àǹtí: "Ṣé Àwọn Èèyàn Inú Ìtàn Yìí Máa Ń Jẹun?"

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Látìgbà tí mo ti sọ̀rọ̀ homeschool lójú ewé yìí lóṣù tó kọjá ni lẹ́tà ti ń ya wọlé, àwọn míì tiẹ̀ ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ohùn ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣàánú mi. Ẹnì kan kọ̀wé láti Abẹ́òkúta pé ṣé homeschool yìí náà ni ẹ̀kọ́ ilé tí ìyá òun fi kòbókò kọ́ òun. Rárá o, ìyẹn lọ́tọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nílé tèmi méjèèjì jọ ń lọ ni. Homeschool ni kí òbí máa kọ́ ọmọ níwèé fúnra ẹ̀ nílé dípò kó lọ sí súkúù, òfin sì gbà á ní gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà. Èyí tó pọ̀ jù nínú lẹ́tà yín, ìtàn Amẹ́ríkà àtijọ́ ló dá lé, látìgbà tí àwọn Òyìnbó kọ́kọ́ gúnlẹ̀ títí dìgbà tí wọ́n gbòmìnira, pé báwo lèèyàn ṣe lè fi ìwé ìtàn aládùn kọ́ ọmọ dípò ìwé súkúù gbígbẹ yẹn. Mo mú díẹ̀ nínú ẹ̀.

*

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Houston ni mo wà, ìbejì ni mò ń kọ́ nílé, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n. Ìwé ìtàn Amẹ́ríkà tí mo rà tóbi bíi Bíbélì ìdílé, bí mo bá ṣe ń gbé e jáde báyìí, Táíwò á ní inú ń run òun, Kẹ́hìndé á ti sùn lọ. Wọ́n ní kí n máa fi ìwé ìtàn kọ́ wọn. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?" Ìyá Ìbejì

Ìyá Ìbejì, inú tó ń run Táíwò yẹn, ó ní ìdí. Èmi náà ra irú ìwé yẹn lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta la wà, mò ń ka Jamestown, ìlú táwọn Òyìnbó tẹ̀ dó ní Virginia, 1607, gómìnà lágbájá, kọ́ńpìnì tàmẹ̀dò, àfi bí ọmọkùnrin mi ṣe gbójú sókè tó ní, "Mummy, ṣé àwọn èèyàn yìí máa ń jẹun?" Ẹnu mi wọhò. Torí òótọ́ lọmọ sọ, látojú ewé kìíní títí débẹ̀ ẹnikẹ́ni ò tíì jẹun, ẹnikẹ́ni ò sunkún, ẹsẹ̀ ò dun ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ebi gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Jamestown tán lásìkò òtútù 1609 sí 1610, wọ́n jẹ ẹṣin, wọ́n jẹ ajá, wọ́n jẹ eku, wọ́n jẹ awọ bàtà, ìwé yẹn sì fi gbólóhùn kan fò ó kọjá bí ẹni ń fo gọ́tà. Mo pa á dé. Ó ṣì wà nílé, òun la fi ń gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sókè.

Ìwé tí mo wá fi bẹ̀rẹ̀ ni The Courage of Sarah Noble, Alice Dalgliesh ló kọ ọ́, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ lè kà á tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Sarah, lọ́dún 1707 òun àti bàbá ẹ̀ nìkan wọ igbó Connecticut lọ kí bàbá kọ́ ilé síbẹ̀, òun láá máa se oúnjẹ. Nígbà tí ilé parí, bàbá ní láti padà lọ kó ìyá àti àwọn ọmọ yòókù wá, ó sì fi Sarah sílẹ̀ sọ́dọ̀ ìdílé àwọn onílẹ̀ kan tó wà nítòsí. Ibẹ̀ yẹn, àwọn ọmọ mi ò mí. Ta ló ń fọmọ ẹ̀ sílẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn tí ò gbọ́ èdè ẹ̀? Ohun tí wọ́n fi ọjọ́ méjì jiyàn lé lórí nìyẹn, kò sì síwèé súkúù kankan tó lè fún wọn ní irú iyàn bẹ́ẹ̀. Àfi kẹ́ ẹ máa ṣọ́ra o, ìwé ọdún 1954 ni, ẹ máa rí ibi tó ti sọ̀rọ̀ àwọn onílẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọmọdé, mo ṣì ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Mo ń pè wọ́n ní onílẹ̀ torí ohun tí wọ́n jẹ́ nìyẹn, àwọn tí Òyìnbó bá lórí ilẹ̀. Kì í ṣe àwọn ọmọ onílẹ̀ tó ń gbowó fáúndéṣọ̀n ní Ajah o.

Bí ẹ bá ti ka orí kan, ẹ pa ìwé dé, ẹ ní kí ọmọ sọ ọ́ padà fún yín lẹ́nu ara ẹ̀. Kò sí ìbéèrè kìíní, ìbéèrè kejì, kò sí "kọ ìdáhùn sínú àlàfo". Charlotte Mason, olùkọ́ ará England kan tó kú ní 1923, ló sọ ọ̀nà yìí di gbajúmọ̀ láàárín àwọn onihomeschool, narration ni wọ́n ń pè é, àwọn kan sì ti fi ń gbowó kóòsì lọ́wọ́ èèyàn báyìí. Ṣebí àlọ́ ni! Ìyá àgbà á pa á fún yín lálẹ́ òní, tó bá dalẹ́ ọ̀la á ní ó yá, ìwọ Àdùkẹ́, pa á fún wa ká gbọ́. Ohun tí Àdùkẹ́ bá gbàgbé, ẹni kejì á gbà á lẹ́nu ẹ̀. Fún ìbejì yín, ẹ jẹ́ kí Kẹ́hìndé máa kọ́kọ́ sọ tiẹ̀, torí ẹ̀rí fi hàn pé Táíwò ló lẹ́nu nínú àwọn méjèèjì, Táíwò á wá fi èyí tó kù kún un.

Ní ti òfin, ọ̀rọ̀ Texas yín rọrùn, kíkà, sípẹ́lì, gírámà, ìṣirò àti ìwà ọmọ ìlú rere ni wọ́n ní kẹ́ ẹ kọ́ wọn, wọn ò tiẹ̀ dárúkọ ìtàn, torí náà ẹnikẹ́ni ò ní wá bi yín pé ẹ ò parí Bíbélì ìdílé yẹn. Àwa tá a wà ní Maryland, wọ́n máa ń yẹ fáìlì wa wò, ohun tí ọmọ bá sọ ni mo máa ń kọ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, mo kọ déètì sí i, ó parí.

*

"Ẹ̀gbọ́n, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún méje, ó gba Pocahontas inú sinimá gbọ́ ju bó ṣe gba èmi bàbá ẹ̀ gbọ́ lọ. Thanksgiving náà tún ń bọ̀, tòlótòló àti fìlà dúdú. Èwo ni òótọ́ níbẹ̀?" Bàbá Ìrètí, Atlanta

Bàbá Ìrètí, ẹ pẹ̀lẹ́. Pocahontas tòótọ́, ọmọ onílẹ̀ ni, bí ọmọ ọdún 11 ló wà nígbà tí Captain John Smith dé Virginia ní 1607, torí náà ọ̀rọ̀ ìfẹ́ inú sinimá yẹn, ẹ bá mi gbé e jù síta. Àwọn Òyìnbó jí i gbé ní 1613, wọ́n ṣèrìbọmi fún un, wọ́n yí orúkọ ẹ̀ padà sí Rebecca, ó fẹ́ John Rolfe tó ń gbin tábà ní 1614, wọ́n wá mú un lọ sí England kí wọ́n lè fi han àwọn èèyàn, ibẹ̀ ló kú sí ní 1617, ní Gravesend, ọmọ nǹkan bí ogún ọdún. Ẹ̀yin ará London, ère ẹ̀ ṣì wà níta ṣọ́ọ̀ṣì níbẹ̀, ẹ gbé ọmọ lọ wò ó lọ́jọ́ Sátidé kan. Ọmọ ọdún méje ò ní láti gbọ́ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ní kó kàn mọ̀ pé ọmọdé ni, pé bàbá ẹ̀, Powhatan, ni olórí ọ̀pọ̀ ìlú, pé wọ́n jí i gbé. Á gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ Thanksgiving, àjọ̀dún ìdúpẹ́ Amẹ́ríkà tí wọ́n ní àsè ọdún 1621 ló bí i, ló dùn sọ. Àwọn àtìpó láti England inú ọkọ̀ Mayflower, èrò 102, dé ní ìparí 1620, nígbà tí òtútù fi máa lọ bí ìdajì wọn ti kú. Oṣù kẹta 1621, ọkùnrin kan rìn wọ àárín ìlú wọn tààrà, òun nìkan, ó sì kí wọn káàbọ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì! Samoset ni wọ́n ń pè é, lẹ́nu àwọn tó ń pẹja létí òkun ló ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀. Ohun tó tún tọrọ lọ́wọ́ wọn ni bíà. Àwọn ọmọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú fún ẹ̀rín, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọ́n fi ń wọ kíṣìn mi bíi Samoset.

Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ jókòó tì ni Tisquantum, òun ni wọ́n ń pè ní Squanto. Ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan, ará England, jí òun àtàwọn míì gbé ní 1614, ó lọ tà wọ́n ní Málaga ní Sípéènì. Ó bọ́ lọ́wọ́ wọn, ó dé London, ó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó wá ọ̀nà títí ó fi wọkọ̀ padà sílé ní 1619. Ó délé, ilé ò sí mọ́. Àjàkálẹ̀ àrùn ti pa gbogbo ará Patuxet, ìlú ẹ̀, tán pátápátá. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àwọn àtìpó wá tẹ Plymouth dó, orí ilẹ̀ Patuxet yẹn gan-an. Òun ló wá kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gbin àgbàdo, tí wọ́n ń fi ẹja sídìí ẹ̀ kó lè ta. Ẹ sọ èyí fún ọmọ láìfi nǹkan kan kún un, ẹ wá bi í pé kí ló rò pé ó wà lọ́kàn ọkùnrin yẹn bó ṣe ń rìn láàárín ilé àwọn àjèjì tí wọ́n kọ́ sórí sàréè àwọn èèyàn ẹ̀.

Ní ti àsè fúnra ẹ̀, lẹ́tà kan ṣoṣo ni ẹ máa kà, ti Edward Winslow, ó wà níbi àsè yẹn ní 1621. Ó ní Massasoit, olórí àwọn onílẹ̀ àdúgbò yẹn, wá pẹ̀lú èèyàn bí 90, wọ́n jẹ, wọ́n mu fún ọjọ́ mẹ́ta, àwọn onílẹ̀ lọ pa ìgalà márùn-ún wá. Ẹ ṣírò ẹ̀ fún ọmọ: èèyàn 90, àwọn àtìpó tó kù sì jẹ́ bí 50. Ta wá ni àlejò, ta ni onílé? Ìrètí á dá yín lóhùn.

Ohun tí mo máa ń tẹnu mọ́ ni pé ẹ má jẹ́ kí ẹnu kan ṣoṣo sọ ìtàn kankan fún ọmọ. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ìwé kan látọ̀dọ̀ àtìpó, òmíràn látọ̀dọ̀ onílẹ̀, ẹ jẹ́ kọ́mọ jókòó sáàárín bíi baálẹ̀ tó ń gbẹ́jọ́.

Kí n tiẹ̀ sọ èyí kí n tó kúrò níbẹ̀. Gómìnà Plymouth, William Bradford, fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ìtàn ìlú náà sílẹ̀. Ìwé yẹn sọnù ní Boston lásìkò ogun òmìnira Amẹ́ríkà, àfi bí wọ́n ṣe tún rí i nínú láíbìrì bíṣọ́ọ̀bù London ní Fulham. Amẹ́ríkà bẹ̀bẹ̀ títí, England dá a padà ní 1897. Ọdún 1897 yẹn náà ni ọmọ ogun England kó gbogbo ère idẹ ààfin Benin lọ. Mi ò sọ nǹkan kan o.

*

"Àǹtí mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Moyọ̀, a ti ń sún mọ́ ibi ọ̀rọ̀ ẹrú, ẹ̀rù ń bà mí. Ibo ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀? Ó tún bi mí pé ṣé àwọn Yorùbá wà níbẹ̀, mi ò mèsì tí mo fẹ́ fún un." Ìyá Moyọ̀, Baltimore

Ìyá Moyọ̀, ẹ fi ọmọdé kan bẹ̀rẹ̀. Ní 1761, ọkọ̀ ẹrú kan gúnlẹ̀ sí Boston, ọmọbìnrin kékeré kan wà nínú ẹ̀, ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti kó o, kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ ìbí ẹ̀, eyín iwájú ẹ̀ tó ti yọ ni wọ́n wò tí wọ́n fi ní á tó ọmọ ọdún méje. Phillis lorúkọ ọkọ̀ yẹn. Ìdílé Wheatley tó rà á wá pe ọmọ náà ní Phillis. Lọ́jọ́ tí mo kà á fún àbígbẹ̀yìn mi, eyín iwájú tiẹ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ni, ó fi ahọ́n tọ́ ihò ibẹ̀ wò, kò sọ̀rọ̀. Ó ṣe díẹ̀ ó ní, kí wá lorúkọ tí mọ́mì ẹ̀ sọ ọ́? Mo ní kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, àwọn eléyìí, ọkọ̀ ni wọ́n wò.

Ọmọ yẹn kọ́ ìwé, ó kọ́ Látìn, ó ń kọ ewì. Boston kọ̀, wọn ò tẹ̀wé fún un, London ló ti jáde ní 1773, òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tó máa ní ìwé ewì tirẹ̀. Ó kọ ewì sí George Washington nígbà ogun, Washington fún un lésì. Ó gba òmìnira, ó lọ́kọ, ìyà sì jẹ ẹ́ títí tó fi kú ní 1784. Ewì ẹ̀ le o, Gẹ̀ẹ́sì ayé ìgbà yẹn ni, ẹ má ka gbogbo ẹ̀, ẹ mú ìlà mẹ́rin, ẹ jẹ́ kí Moyọ̀ dà á kọ dáadáa, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Tó bá tó ọdún 12 tàbí 13, ẹ lè wá bọ́ sórí Olaudah Equiano, ọmọ Igbo gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ, 40 pọ́ùn ló fi ra ara ẹ̀ padà ní 1766, ìwé ẹ̀ jáde ní 1789. Ẹ kọ́kọ́ ka orí kọ̀ọ̀kan fúnra yín, torí ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ inú ọkọ̀, àgbàlagbà gan-an á sinmi díẹ̀. Chains ti Laurie Halse Anderson náà dáa fún ọjọ́ orí yẹn, ọmọ ẹrú kan ní New York ní 1776, ó ń gbọ́ tí wọ́n ń pariwo òmìnira lókè orí ẹ̀. Àwọn kan á júwe Amos Fortune, Free Man fún yín, ó tiẹ̀ gba àmì ẹ̀yẹ Newbery ní 1951, ṣùgbọ́n èmi ò fẹ́ràn ẹ̀, ó fi oyin sí oko ẹrú lẹ́nu. Èyí tí ọmọkùnrin mi fẹ́ràn jù ni ìtàn Ona Judge, ẹrú ilé Washington, tó sá kúrò nílé ààrẹ ní Philadelphia ní May 1796 tí wọn ò sì rí i mú títí ó fi kú. Ṣé ẹ mọ ìgbà tó jáde? Wọ́n ń jẹun lọ́wọ́ ni. Ọmọ mi ní, "Ẹ wò ó, wọ́n ń jẹun!"

Ní ti Yorùbá, ẹ sọ òótọ́ fún un: a ò pọ̀ níbẹ̀. Àwọn 20 àti díẹ̀ tó kọ́kọ́ dé Virginia ní 1619, Àngólà ni wọ́n ti kó wọn, ọdún kan ṣáájú Mayflower nìyẹn, ẹ jẹ́ kọ́mọ fojú ara ẹ̀ rí i. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn, ọ̀pọ̀ wá láti apá Senegal àti Gambia, láti Àngólà, láti ìhà ilẹ̀ Igbo. Ìgbà tí Ọ̀yọ́ fọ́ ni wọ́n wá ń kó tiwa rẹpẹtẹ, Amẹ́ríkà sì ti fòfin de kíkó ẹrú wọlé láti 1808, Brazil àti Kúbà ló gba púpọ̀ nínú wọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọrin òrìṣà níbẹ̀ dòní.

Ohun tí mo ṣe nílé ni pé mo na pépà gígùn kan sára ògiri kọ́ríídọ̀, Amẹ́ríkà lókè, ilé wa nísàlẹ̀. Abẹ́ 1776, Aláàfin Abíọ́dún ló wà níbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, láyé Abíọ́dún la fi igbá wọn owó, láyé Aólẹ̀ la di àdìkálẹ̀. Inú àwọn ọmọ dùn pé ọba wa wà níbẹ̀. Mo wá sọ fún wọn pé owó igbá yẹn, owó èèyàn tí Ọ̀yọ́ ń tà gba Àjàṣẹ́, Porto-Novo tòní, wà nínú ẹ̀. Èyí àgbà ní, "So àwa náà ń tà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò tún bi mí ní nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ó mú bírò, ó kọ ọ́ síbẹ̀, lábẹ́ orúkọ Abíọ́dún.

*

"Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni mí n'Íbàdàn, gbogbo Sátidé ni mo máa ń kàwé fáwọn ọmọ-ọmọ mi ní Minnesota lórí fóònù. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé, ìwé àròsọ tẹ́ ẹ ní ká fi kọ́ ìtàn yìí, ṣé kò ní da irọ́ mọ́ òótọ́ lọ́kàn ọmọ?" Màmá Tíṣà

Ẹ ǹlẹ́ mà, ẹ kú àtìlẹ́yìn àwọn ọmọ. Á dà á pọ̀ mà, tí ẹ ò bá yà á sọ́tọ̀ fún wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ará Ìbàdàn mọ̀ ọ́n ju gbogbo wa lọ. Ẹfúnṣetán Aníwúrà inú eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá gbé májèlé jẹ ni, ṣùgbọ́n Ẹfúnṣetán Ìyálóde gangan, àwọn ẹrú ẹ̀ ló pa á ní 1874, Ààrẹ Látòósà ló sì wà nídìí ẹ̀. Ìran wo ló mọ èkejì nínú wọn lónìí? Eré ti borí ìtàn. Síbẹ̀ mà, tí kì í bá ṣe eré yẹn, ta ni ì bá tiẹ̀ béèrè ẹni tí Ẹfúnṣetán jẹ́?

Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí Paul Revere. Longfellow, akéwì Amẹ́ríkà kan, kọ ewì nípa bó ṣe gẹṣin lóru 18 April 1775 láti lọ kéde pé ọmọ ogun ọba ń bọ̀, ewì tó dùn ún kà sókè, ẹsẹ̀ ẹṣin gan-an lẹ máa gbọ́ nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún 85 lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ ló kọ ọ́. Nínú ewì, Revere dé ìlú Concord. Lóòótọ́, wọ́n mú un lọ́nà, dókítà kan tó ń jẹ́ Samuel Prescott ló dé Concord. William Dawes náà gẹṣin lóru yẹn, ewì ò tiẹ̀ dárúkọ ẹ̀. Ẹ ka ewì yẹn fún wọn lọ́sẹ̀ kan, lọ́sẹ̀ kejì ẹ sọ fún wọn pé irọ́ wà níbẹ̀, kí wọ́n lọ wá a. Ẹ máa rí bí ọmọ ṣe ń sáré fẹ́ mú àgbàlagbà nírọ́.

Johnny Tremain ti Esther Forbes ni mo rò pé ẹ máa gbádùn jù, fún àwọn tó ti tó ọdún 10. Ọmọ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ fàdákà ni Johnny ní Boston, ó mọ iṣẹ́, ó sì ń gbéra ga, lọ́jọ́ kan fàdákà yíyọ́ dà sí i lọ́wọ́, ọwọ́ yẹn sì lẹ̀ pọ̀. Níbẹ̀ ẹ lè dúró mà, kẹ́ ẹ bi wọ́n pé ọmọ iṣẹ́ tí ò lọ́wọ́ mọ́, kí ló fẹ́ jẹ? Johnny ò sí rárá, àròsọ ni. Ṣùgbọ́n Revere tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ fàdákà wà, Samuel Adams, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ìjà òmìnira, wà, àpótí tíì 342 táwọn ará Boston dà sómi torí owó orí ọba England lóru 16 December 1773 wà. Kí àwọn ọmọ ní pẹ́ńsù àwọ̀ méjì, wọ́n á fi pupa fàlà sábẹ́ ẹni tó gbé ayé rí, wọ́n á fi búlúù sábẹ́ ẹni tí òǹkọ̀wé dá sílẹ̀. Tiwa ṣe é títí wọ́n fi ń fa búlúù sábẹ́ orúkọ aládùúgbò wa kan tó máa ń parọ́. Tíì yẹn gan-an, Ṣáínà ló ti wá, kì í ṣe England, ìyẹn náà máa ń yà wọ́n lẹ́nu.

*

"Àǹtí, The Sign of the Beaver ni mo fẹ́ kà fún ọmọ mi ọkùnrin. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n jù ú nù, pé ó ń tàbùkù àwọn onílẹ̀. Kí ni kí n ṣe?" Bàbá Àánú, Chicago

Ọ̀rẹ́ yín ò parọ́. Elizabeth George Speare ló kọ ọ́ ní 1983, ó pe obìnrin wọn lórúkọ tí wọn ò fẹ́ kí wọ́n máa pè wọ́n, ọmọ onílẹ̀ inú ẹ̀, Attean, ń sọ Gẹ̀ẹ́sì gígún bíi ti fíìmù kọ́bọ́ì, nígbẹ̀yìn gbogbo wọn kàn kó ẹrù wọn lọ bíi pé ibì kankan ò dùn wọ́n. Síbẹ̀ mi ò jù ú nù, torí ibì kan.

Maine ni, 1768, bàbá Matt, ọmọkùnrin Òyìnbó tí ìtàn náà dá lé, fi í sílẹ̀ nínú igbó kó máa ṣọ́ ilé. Bàbá àgbà Attean gbà láti máa fún un lóúnjẹ, kó máa kọ́ Attean níwèé. Robinson Crusoe ni ìwé tí Matt ní lọ́wọ́. Ó ń ka ibi tí Friday, ọkùnrin tí Crusoe gbà lọ́wọ́ ikú, ti kúnlẹ̀, tó gbé ẹsẹ̀ Crusoe lé orí ara ẹ̀ pé òun ti di ẹrú ẹ̀. Attean fò dìde. Ó ní kò sẹ́ni tó máa ṣe bẹ́ẹ̀ nínú àwọn tiẹ̀, ikú yá ju ẹ̀sín. Matt ò tíì ronú nípa ìwé yẹn bẹ́ẹ̀ rí, àtìgbà yẹn ló ti ń fo ibi tí kò dáa kà. Mo pa ìwé dé níbẹ̀. Mo sọ fún ọmọ mi pé Crusoe yẹn, ẹrú ló ń lọ rà nílẹ̀ Áfíríkà nígbà tí ọkọ̀ ẹ̀ fi rì. Ó ní, "Ah, so Matt ń fo ibì kan kà. Ṣé ìwọ náà ń fo ibì kan fún mi?" Mo ti ń fò ó tẹ́lẹ̀ o, orúkọ burúkú tí wọ́n ń pe àwọn obìnrin yẹn. Mo ṣí i padà, mo fi hàn án.

Bàbá Àánú, ẹ kà á, ẹ má fo ibì kankan. Tẹ́ ẹ bá parí ẹ̀, ẹ gbé The Birchbark House lé e, Louise Erdrich, ọmọ Ojibwe, ẹ̀yà onílẹ̀ kan, fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́. Ọdún 1847 ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ti kọjá àsìkò tá à ń sọ, ṣùgbọ́n inú ilé onílẹ̀ lẹ máa wà níbẹ̀, ẹ máa rí bí wọ́n ṣe ń kó ọmọ wọn mọ́ra, bí wọ́n ṣe ń jà, bí wọ́n ṣe ń pa ìtàn lásìkò òtútù.

*

"Owó dà, Àǹtí?" Ẹni tó kọ èyí ò forúkọ sí i, ó sì ti sọ gbogbo ẹ̀.

Káàdì láíbìrì, ọ̀fẹ́ ni. Ìwé tí wọn ò bá ní, ẹ ní kí wọ́n bá yín yá a láti láíbìrì míì. Tẹ́ ẹ bá ní fóònù, ẹ gba áàpù láíbìrì tí wọ́n ń pè ní Libby sórí ẹ̀, káàdì yẹn náà lẹ máa fi wọlé, ìwé tí wọ́n ń kà sétí wà níbẹ̀, èyí tó dáa nínú mọ́tò. Equiano, Wheatley, ìtàn ìgbésí ayé Benjamin Franklin, gbogbo ẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Project Gutenberg torí ó ti pẹ́. Ẹ tètè forúkọ sílẹ̀ de ìwé Mayflower o, tó bá ti di ọ̀sẹ̀ kejì nínú November, gbogbo Amẹ́ríkà ló máa ń wá a, lọ́dún tó kọjá èèyàn 23 ló wà níwájú mi, January ni ìwé tó kàn mí.